₦70,000 tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri tó ń mumi

Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo rò pé èkúté ló kú sábẹ́ àga. Mo sún àga, mo gbálẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Ìgbà tí mo fọwọ́ kan wọ́lípépà tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣàn ni ìka mi rì wọnú ẹ̀ bíi ti ẹni tó tọwọ́ bọ mọ́ínmọ́ín. Mo fà á díẹ̀ báyìí, ó bá mi wálẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti bu, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méje lọ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́. Róòlù mẹ́rin, ₦13,500 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦16,000 owó iṣẹ́. Ọdún Ọ̀ṣun sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń bọ̀ láti Èkó, mo sì ti fi fọ́tò pálọ̀ náà yangàn lórí WhatsApp.

Ká má parọ́, àwọn yàrá tó kù dára. Nínú yàrá wa, abẹ́ àjà gan-an ni mo ní kí wọ́n kan irin kọ́tìnì mọ́, kì í ṣe orí fèrèsé, kọ́tìnì wá gùn dé ilẹ̀, yàrá kékeré náà sì dà bíi pé ó ga sí i. Díńgí gígùn tí mo rà l'Ọ́jà Ọba, mo gbé e sínú ọ̀ọ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn, níbi tó ti dojú kọ fèrèsé ilé ìdáná. Láti ọjọ́ náà, a kì í tan iná níbẹ̀ lọ́sàn-án mọ́. Ti àwọn ọmọ ló dùn mọ́ mi jù: ìsàlẹ̀ ògiri wọn, ọ̀dà pátákó ìkọ̀wé ni mo fi kùn ún, wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìkọkúkọ síbẹ̀, wọ́n sì fi ògiri tó kù lọ́rùn sílẹ̀. Ilé ìdáná, ọ̀dà funfun tó ṣeé fọ̀. Ó tán.

Pálọ̀ ló fojú mi rí màbo.

Mo pe ẹni tó lẹ wọ́lípépà. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mummy, gọ́ọ̀mù tí ẹ rà ni ò dáa." Gọ́ọ̀mù tí òun fúnra ẹ̀ júwe fún mi! Ó gbé òmíràn wá, ó tún un lẹ̀, ó gba ₦5,000. Ọjọ́ kẹsàn-án, ó ti ṣí láti ìsàlẹ̀. Mo ya gbogbo ẹ̀ dànù. Ìyẹ̀fun funfun kan wà lára ògiri, mo tọ́ ọ wò (ẹ má rẹ́rìn-ín), iyọ̀ ni.

Akunlé kan ní kí a fi ọ̀dà elépo, èyí tó máa ń dán yẹn, bò ó, pé omi ò ní lè là á kọjá. Òótọ́ ló sọ, omi ò là á kọjá. Ẹ̀yìn ẹ̀ ló jókòó sí, ọ̀dà wá lé ròrò bí ara ẹni tí epo gbígbóná ta sí. Èmi náà wá pinnu pé páìpù bálùwẹ̀ ló ń jò, mo sì bá Bàbá Tóyìn jà lórí ẹ̀, nítorí òun ló mú púlọ́mbà wá nígbà tí a ń kọ́lé. Wọ́n fọ́ táìlì mẹ́ta. Páìpù gbẹ bíi pańla. Ọjọ́ méjì ni mi ò fi lè wo ojú ọkọ mi.

Bíríkìlà àgbàlagbà kan tó ń mọ fẹ́ǹsì fún aládùúgbò wa ló gbà mí. Ó ní kí n gé ọ̀rá kan, kí n fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri tí mo ti ha, kí n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá hàn lójú ọ̀rá, atẹ́gùn inú ilé ló ní in. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọ̀rá, inú ògiri ló ti wá. Ẹ̀yìn ni.

Bàbá bá yí sí ìta. Ó dúró, ó wo ìdí ògiri, ó ní, "Ìyàwó, ta ló kó iyẹ̀pẹ̀ jọ síbí?"

Èmi ni. Oṣù kẹta ni mo ṣe ọgbà òdòdó síbẹ̀, mo kó iyẹ̀pẹ̀ jọ dé búlọ́ọ̀kù kejì, mo sì ń bomi rin ín ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Bàbá ní búlọ́ọ̀kù máa ń fa omi sókè bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì. Ọ̀rá tí wọ́n tẹ́ sórí ìpìlẹ̀ ló yẹ kó dá a dúró, ó sì yẹ kí ilẹ̀ ìta fi nǹkan bíi 15 sẹ̀ǹtímítà rẹlẹ̀ sí i. Iyẹ̀pẹ̀ tèmi ti gun ọ̀rá náà kọjá. Iyọ̀ inú ilẹ̀ ló ń bá omi jáde. Wọ́lípépà onírọ́bà tí mo wá lẹ̀ mọ́ ọn ni ò jẹ́ kó rí ibi mí.

Síbẹ̀, ẹni tó gba ₦16,000 lọ́wọ́ mi ni mo ṣì ń bínú sí. Kò lè fọwọ́ kan ògiri kó tó po gọ́ọ̀mù ni?

A kó iyẹ̀pẹ̀ kúrò, a ha ògiri dé ìbàdí, kò sì sí ohun tí a lè ṣe mọ́ ju ká jẹ́ kó gbẹ lọ. Àlejò ku ọjọ́ mẹ́rin. Ìgbà yẹn ni mo rántí ìlú tí mò ń gbé. Òṣogbo Òròkí tí wọ́n ní aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun, èmi ń lọ ra rọ́bà ilẹ̀ òkèèrè lẹ̀ mọ́ ògiri! Mo ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ ọ̀pá márùn-ún lọ́wọ́ ìyá kan, èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ pákí yà kó tó wọ aró. Ìbàdàndùn ni àwòrán ẹ̀, tòun ti òpó Mápó. Káfíńtà kan án mọ́ férémù onípákó mẹ́ta tó ń dá dúró, a gbé e jìnnà díẹ̀ sí ògiri kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀yìn ẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọlé, èyí àgbà pátápátá ní, "Ìyàwó wa, iye tí ẹ ná sí eléyìí á pọ̀ o!" Mo kàn rẹ́rìn-ín.

Ẹ fọ aṣọ aró títí omi ẹ̀ á fi mọ́ kí ẹ tó gbé e sínú ilé. Èmi ò fọ̀ ọ́ tó, àga mi aláwọ̀ mílíìkì sì ti ní àmì aláró lẹ́yìn báyìí.

Ògiri ò gbẹ tán títí ọyẹ́ fi dé. A tún un rẹ́, a fi ọ̀dà olómi lásán kùn ún. Àwọn òdòdó wà nínú garawa ọ̀dà báyìí, lójú ọ̀nà géètì. Wọ́lípépà tó ṣẹ́kù nínú róòlù kẹrin, mo fi wé ìwé iléèwé Tóyìn. Kò tíì ṣí.