Bí télọ̀ ṣe ń wo fọ́tò aṣọ ní London

Tí ẹ bá ń gbé London, tí ẹ sì fẹ́ràn aṣọ, ẹ ya ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì sọ́tọ̀. V&A, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní South Kensington tí aṣọ àti fọ́tò wà nínú rẹ̀, kì í tilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà títí di agogo 10 alẹ́. Wọn kì í gbowó ẹnu ọ̀nà, àfi fún àwọn àkànṣe àfihàn tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wọn. The Photographers' Gallery, ibi àfihàn fọ́tò ní Ramillies Street, nítòsí Oxford Circus, náà máa ń ṣílẹ̀kùn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ẹtì láti agogo 5 ìrọ̀lẹ́. Télọ̀ ni mí ní Peckham. Bí mo bá ti pa máṣíìnì mi, ọ̀kan nínú méjèèjì ni mo ń forí lé.

Ẹ mú súwẹ́tà dání, yàrá wọn máa ń tutù. Iná ibẹ̀ kì í sì í mọ́lẹ̀ púpọ̀, torí ìmọ́lẹ̀ a máa mú kí fọ́tò ṣá. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò kan kì í fi í pẹ́ lára ògiri. Èyí tí ẹ rí lónìí lè ti padà sínú àpótí kí ẹ tó tún débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú yín mọ́ra ná. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn yí yàrá náà ká lẹ́ẹ̀kan láì dúró, kí ẹ mú fọ́tò mẹ́ta péré tí ẹ ó padà sídìí wọn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mo fi fóònù ya ohun tó lé ní ọgọ́ta. Nígbà tí àbúrò mi bi mí lálẹ́ pé kí ni mo rí, n kò rántí àwọ̀ aṣọ kan ṣoṣo.

Aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo ojú ẹni tó wọ̀ ọ́. Ẹ wo ìbàdí. Tí aṣọ bá lẹ̀ mọ́ ọn láìkákò rárá, ó ṣeé ṣe kí pínnì tàbí kílíìpù wà lẹ́yìn tí a kò rí. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà kí n tó gba aṣọ rẹ̀ wọlé. Ẹ wá wo òjìji abẹ́ imú àti àgbọ̀n, òun ni yóò sọ ibi tí iná wà. Iná tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá ló ń jẹ́ ká rí fọ́nrán òwú lára aṣọ òkè. Èyí tó bá kọjú sí i gan-an yóò tẹ́ gbogbo rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ má sún mọ́ fọ́tò ju bí apá kan ṣe gùn lọ o. Wọ́n ti jágbe mọ́ mi rí níbì kan, ojú rírán ni mò ń wá.

Bí ẹ bá pàdé iṣẹ́ J.D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, ẹ dúró dáadáa. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, ó sì ya nǹkan bí 1,000, láìsí àwọ̀ kankan ju dúdú àti funfun lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀yìn orí nìkan la ń rí. Ìyá mi, tó fi irun dídì tọ́ wa l'Abẹ́òkúta, dúró níwájú ọ̀kan títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ó ń fi ìka tẹ̀lé ìpín irun náà nínú afẹ́fẹ́. Ó ní, “Ẹni tó di èyí ò kánjú. Wo bí wọ́n ṣe dọ́gba.” Ó wá ní kí n bá òun ka orúkọ onídìrí náà. Mo wo ìwé pélébé ara ògiri: orúkọ ayàwòrán wà níbẹ̀, ọdún wà níbẹ̀. Ti onídìrí kò sí.

Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Láti ìgbà náà, mo kì í kúrò nídìí fọ́tò láì ka ìwé pélébé rẹ̀ tán: ta ló ran aṣọ, ta ló wé gèlè, ta ló dirun? Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ léèrè. Ẹ má tijú.

Tí aṣọ inú fọ́tò kan kò bá kúrò lọ́kàn yín, ẹ wò ó bóyá irú rẹ̀ wà ní V&A East Storehouse, ibi tí V&A ń kó nǹkan pamọ́ sí, tí wọ́n ṣí ní 2025 ní Queen Elizabeth Olympic Park. Ẹ lè yan ohun tí kò ju márùn-ún lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọn yóò sì gbé e síta fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bèèrè bóyá ẹ lè rí inú aṣọ náà, níbi tí télọ̀ ti parí etí rẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ mú lọ láti fi yà á sínú ìwé yín, kì í ṣe bírò, torí yíǹkì lè ta sí i.