Bí a ṣe ń tọ́jú ẹyin ẹja gardneri títí yóò fi pa

Ẹja gardneri, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Fundulopanchax gardneri, ń gbé inú odò wẹ́wẹ́ àti omi adágún tí kò jìn nínú igbó ilẹ̀ Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, níbi tí àwọn ìbátan rẹ̀ kan ti ń run nítorí igbó tí a ń gé àti àbàtà tí a ń dí. Ẹni tó bá fẹ́ sìn ín ní Òṣogbo, kí ó rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń sin ẹja, kí ó má ṣe ta àwọ̀n sínú Igbó Ọ̀ṣun, nítorí èèwọ̀ ni ẹja pípa níbẹ̀.

Akọ kan àti abo méjì ti tó fún ike lítà 20 tí a fi àwọ̀n dé, nítorí ẹja yìí máa ń fò jáde. Tanwíjí ni kí ẹ máa fún wọn jẹ, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ so òwú tí wọ́n fi ń hun fìlà ọmọ tuntun mọ́ ẹnu ike kí wọ́n lè yé ẹyin sí i, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ kò fi ní yí àwọ̀ mọ́. Òwú aláró kò wúlò fún iṣẹ́ yìí rárá.

Inú irun èèpo àgbọn tí a ti bọ̀ ni ẹ ó kó ẹyin náà sí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bí irun náà bá tutù jù, ẹyin yóò bu. Bí ó bá gbẹ, yóò rún. Kí ẹ tó kó ẹyin sí i, ẹ fún irun náà títí omi kò fi ní kán mọ́, kí ó rí bí ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú jákì, kí ẹ wá dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ sì gbé e síbi òkùnkùn tí kò móoru. Ẹ máa yọ èyí tó bá funfun kúrò.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, àwọn kan á kàn da omi lé e kí ẹyin lè pa, nítorí pé ọjọ́ ti pé. Ojú ọmọ ẹja ni kí ẹ wò, kì í ṣe kàlẹ́ńdà: bí ojú méjèèjì kò bá tíì hàn kedere nínú ẹyin, ẹ dá a padà sínú ọ̀rá. Ọmọ tí a bá kánjú mú jáde nínú ẹyin máa ń wọ́ nísàlẹ̀ omi, kò ní lè lúwẹ̀ẹ́. Omi kànga tútù tí kò jìn ju ìka méjì lọ ni èmi máa ń lò. Ẹni tó bá ń lo omi ẹ̀rọ, kí ó kọ́kọ́ ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí kiloríìnì lè kúrò nínú rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹyin bá pa náà ni kí ẹ ti máa fún àwọn ọmọ ẹja ní omi aláwọ̀ ewé, ìyẹn omi tí ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín kún inú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Pupa ẹyin adìẹ tí àwọn kan fi ń dípò rẹ̀ máa ń ba omi jẹ́ kíákíá.