Bí ẹ ṣe lè lẹ pákó pọ̀ kó di ojú tábìlì

Pákó kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó ojú tábìlì, ẹ lè wá a títí ní Bódìjà kẹ́ẹ má rí i, tẹ́ẹ bá sì rí i owó ẹ̀ á lé yín sá, torí ẹ̀ la ṣe máa ń lẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gọ́ọ̀mù niṣẹ́ wà. Irọ́ ni o, etí pákó ni. Tí etí méjèèjì ò bá jókòó síra wọn dáadáa, ẹ da odidi gálọ́ọ̀nù gọ́ọ̀mù sí i, ó máa là náà ni.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ra pákó tó ti gbẹ. Ìrókò ni o, àpá ni o, ọmọ̀ ni o, tó bá tutù nígbà tẹ́ẹ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò tíì gbẹ nìyẹn. Ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé, kẹ́ẹ fi igi wẹ́wẹ́ sáàárín wọn kí atẹ́gùn ráyè kọjá, ẹ má sá a sóòrùn torí á ká kò. Èmi fi pákó tútù ṣe tábìlì kan nígbà òjò, ìgbà tí ọyẹ́ dé ó là láàárín débi pé ọ̀bẹ ń wọ ibẹ̀, oníbàárà gbé e sẹ́yìn kòròpe ó gbé e wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lójú gbogbo èèyàn.

Tẹ́ẹ bá ti tò ó bẹ́ẹ ṣe fẹ́ kó rí, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa igun mẹ́ta ńlá kan kọjá lórí gbogbo wọn, kí wọ́n má baà pààrọ̀ ipò mọ́ yín lọ́wọ́.

Ó wá kan etí. Àwọn méjì tó máa fara kanra, ẹ pa wọ́n dé bí ìgbà téèyàn pa ìwé dé, ẹ fi fáìsì, irin ara bẹ́ǹṣì tó ń di igi mú, mú wọn, kẹ́ẹ wá fi ìfági gígùn fá etí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ìfági bá tiẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, ìgbà tẹ́ẹ bá ṣí ìwé yẹn, ti ọ̀tún á pa ti òsì rẹ́, ojú tábìlì á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ gbé ọ̀kan dúró lé èkejì lórí, etí sí etí, níwájú fèrèsé. Tí ìmọ́lẹ̀ bá yọ díẹ̀ láàárín, tí ò ju bébà lọ, ó ṣì dáa, kílàmpù, irin tá a fi ń fún igi pọ̀, á fà á pọ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ ní ìpẹ̀kun pákó méjèèjì ló ti yọ, ẹ padà lọ fá a.

Ẹ kọ́kọ́ fi kílàmpù mú un láì sí gọ́ọ̀mù, ẹ wò ó bóyá ó pé. Ẹ wá fi gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò ra etí, ìyarun tó ti kán lèmi fi ń tẹ́ ẹ, ẹ sì yára, torí nínú ooru Ìbàdàn yìí kì í pẹ́ tó fi máa ń bo awọ. Kílàmpù kan lókè, kan nísàlẹ̀, bí ẹsẹ̀ bàtà kan síra wọn. Ẹ fi nylon píọ̀ wọ́tà sábẹ́ irin kí irin má baà sọ igi di dúdú. Ẹ má fún un pa o, tí gọ́ọ̀mù bá ti yọ bí òógùn lójú ìlà, ó tó, tẹ́ẹ bá fún un jù gbogbo gọ́ọ̀mù á jáde tán. Tí ò bá sí kílàmpù ńkọ́? Ẹ kan igi méjì mọ́ bẹ́ǹṣì, ẹ tẹ́ pákó sáàárín wọn, kẹ́ẹ gbá wẹ́ẹ̀jì, igi tí orí ẹ̀ kan tín-ín-rín, sí àlàfo tó kù.

Èyí tó yọ síta, ẹ má fi aṣọ tútù nù ún, á wọnú igi, pọ́líìṣì ò sì ní mú ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dì bí ẹ̀kọ, kẹ́ẹ wá fi ṣísù hó o kúrò. Ó di ọ̀la kẹ́ẹ tó fá ojú ẹ̀.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ gbé e sórí férémù, ẹ má kàn án níṣòó yí ká bí mo ṣe ṣe ti oníbàárà yẹn. Ìbú igi máa ń sún kì lásìkò ọyẹ́, ó sì máa ń wú lásìkò òjò, torí náà ẹ jẹ́ kí ihò súkúrúù gùn díẹ̀ síbi tí ìbú ń lọ, kó ráyè rìn.