Ọṣẹ Olómi Tó Ń Bó Ọwọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ọṣẹ olómi ni mò ń pò tà. Èyí tí mo ṣe kẹ́yìn ń hó dáadáa, àmọ́ ó ń ta àwọn oníbàárà mi lọ́wọ́, ọwọ́ ẹnì kan tiẹ̀ ti ń bó. Ṣé ayédèrú texapon (èròjà tó ń mú ọṣẹ hó) ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì di ẹ̀bi ru texapon. Sulphonic, èròjà tó ń fọ ìdọ̀tí, ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó ki bí oyin lóòótọ́, síbẹ̀ ásíìdì gidi ni, soda ash tàbí caustic soda la sì fi ń pa agbára rẹ̀. Bí ẹ bá kàn fojú díwọ̀n wọn, ọ̀kan á borí èkejì: ásíìdì tó ṣẹ́ kù á máa ta ọwọ́, soda tó pọ̀ jù á máa bó o. Híhó ọṣẹ kò lè sọ èyí fún yín. Ẹ ra pépà pH, ìyẹn pépà tó ń fi àwọ̀ sọ bóyá ásíìdì tàbí soda ló pọ̀ jù, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà. Ẹ bu ọṣẹ díẹ̀ sínú omi, ẹ ti pépà bọ̀ ọ́, kí ẹ fi wé àwọn àwọ̀ àti nọ́ńbà tó wà lára páálí rẹ̀. Bó bá pọ́n, ásíìdì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ po soda ash mọ́ omi, ẹ máa dà á sínú ọṣẹ náà díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rò ó. Tó bá ti rọlẹ̀, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá dé 7 sí 8, ó tó. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, sulphonic díẹ̀ ló máa dá a padà. Ẹ ṣe gbogbo èyí kí ẹ tó fi àwọ̀ sí i, torí àwọ̀ ọṣẹ máa ń da pépà rú.

Èyí tí ẹ ti tà ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á padà.

Ìbéèrè: Mo da soda ash sí sulphonic, ó ru kọjá etí garawa. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Gáàsì carbon dioxide ló ń jáde. Ẹ lo garawa ńlá, ẹ má kánjú. Caustic soda kì í ru bẹ́ẹ̀, ooru ló ń mú wá. Inú omi la sì ń dà á sí. Ẹni tó bá da omi lé e lórí, ó lè ta sí i lójú.

Ìbéèrè: Ìkòkò alumíní tí mo fi yọ́ caustic ti dúdú, ó sì ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ pa gbogbo iná tó wà nítòsí, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má dé ìkòkò náà. Caustic ń jẹ alumíní, hydrogen tó ń jáde níbẹ̀ sì máa ń gbaná. Ike tó nípọn tàbí stainless ni kí ẹ máa lò.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi Hypo díẹ̀ sí ọṣẹ náà kó lè pa kòkòrò?

Ìdáhùn: Rárá o! Bí Hypo bá pàdé ásíìdì, chlorine ló ń jáde, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ìbéèrè: Bí caustic bá ta síni lára, ṣé kí a fún òróǹbó sí i?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe é. Ẹ bọ́ aṣọ tó kàn, kí ẹ jẹ́ kí omi máa ṣàn lé ibẹ̀ lórí fún 20 ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Bó bá jẹ́ ojú ni, ẹ fi omi ṣàn án bákan náà, kí ẹ sì tètè lọ sílé ìwòsàn. Bí ọmọdé bá mu ún, ẹ má mú un bì, torí bó ṣe jó o nígbà tó ń wọlé ló máa tún jó o nígbà tó bá ń jáde. Ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má rọ caustic sínú ike omi tàbí ti mínírà láé.