Ẹ Má Tíì Fọwọ́ Kan Audio Delay: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Bí Sípíkà Aláìníwáyà Àti Rìsífà Bá Jọ Ń Kọrin

Ẹni tó ti ní rìsífà tó ń gbé ohùn TV jáde nínú pálọ̀, tó wá lọ ra sípíkà aláìníwáyà sí yàrá àti kíṣìnì, ohun tó máa wù ú ni pé kí gbogbo wọn jọ máa kọ orin kan náà. Á so wọ́n pọ̀, á tẹ bọ́tìnì, orin á bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ti pálọ̀ ò ní bá ti yàrá mu, ọ̀kan á sọ ọ̀rọ̀, èkejì á tún un sọ lẹ́yìn ẹ̀ bíi gbohùngbohùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á wọnú settings rìsífà lọ wá ibi tí wọ́n kọ Audio Delay sí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún un, 50, 100, 200, títí ó fi máa sú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì débẹ̀.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Audio Delay mọ̀ ọ́n ṣe, kó dá ohùn dúró. Kò lè mú un yára. Ọ̀pọ̀ rìsífà máa ń jẹ́ kéèyàn yí i láti 0 lọ sókè, àwọn míì tó 500 ms, ms kan sì ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ǹdì. Tó bá wá jẹ́ pé rìsífà gan-an ló ń pẹ́, tẹ́ ẹ tún ń fi kún un, ṣe lẹ tún ń bà á jẹ́ sí i. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín nìyí: ta ló kẹ́yìn dé? Ẹni tó ṣáájú ló máa dúró de ẹni tó kẹ́yìn, kò sí ọ̀nà míì.

Ṣé ẹ mọ̀ pé sípíkà aláìníwáyà kì í kọ orin lójú ẹsẹ̀ tó bá gbà á? Ó máa ń kó díẹ̀ pa mọ́ ná, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní buffer, kó lè jẹ́ pé tí Wi-Fi bá kọsẹ̀, orin ò ní já. Ohun tó kó pa mọ́ yẹn náà lẹ ń gbọ́ bíi pé ó ń pẹ́. Lórí sípíkà Sonos, ohùn tó bá gba ojú Line-In wọlé, ìyẹn ihò tí wọ́n ń ki wáyà ohùn bọ̀, máa ń fi nǹkan bí 75 ms pẹ́, ó kéré tán. Bluetooth tó ń lo SBC, ìyẹn ọ̀nà tó wọ́pọ̀ tó fi ń fún ohùn pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, sábà máa ń wà láàárín 150 sí 250 ms. AirPlay ti àtijọ́, tí Apple fi ń gbé orin gba orí Wi-Fi, ní tiẹ̀, nǹkan bíi sẹ́kọ́ǹdì méjì gbáko ló ń kó pa mọ́. Rìsífà náà ní ẹ̀bi tiẹ̀ o: tó bá ń ṣe surround, ìyẹn ohùn tó yí èèyàn ká, tó ń tún ohùn ṣe kó lè bá bí yàrá ṣe rí mu, tó ń sọ analog di digital kó tó tún dá a padà, gbogbo ẹ̀ ló ń jẹ àkókò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiẹ̀ kì í sábà pọ̀ tó ti sípíkà aláìníwáyà.

Ẹlòmíì á ní kí ló wà nínú 75 ms. Ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan, ìyẹn ni pé 1 ms jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, 75 ms ni ohùn máa lò tẹ́ ẹ bá gbé sípíkà kejì jìnnà tó mítà 25 sí yín. Helmut Haas, ará Jámánì kan, ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Göttingen lọ́dún 1949, ohun táwọn oníṣẹ́ ohùn sì mú látinú ẹ̀ ni pé tí ohùn kejì bá dé láàárín nǹkan bí 30 ms, etí máa ń kà á mọ́ ti àkọ́kọ́, tó bá ti pẹ́ jùyẹn lọ dáadáa, etí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ lọ́tọ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Torí náà tẹ́ ẹ bá ti mú àlàfo àárín wọn wá sí 20 ms, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ 0 gan-an máa fi gbogbo ọjọ́ ìsinmi ẹ̀ wá a ni.

Àṣìṣe míì tó ń tan èèyàn jẹ ni kéèyàn máa fi etí díwọ̀n. Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ẹ ń gbọ́ ti yàrá láti ọ̀ọ́kán, ẹ ti gbàgbé pé ohùn tó ń bọ̀ láti mítà 10 ti lo nǹkan bí 29 ms lójú ọ̀nà kó tó dé etí yín, kò sì sí settings tó máa tún ìyẹn ṣe, torí tẹ́ ẹ bá rìn lọ sí yàrá, ti pálọ̀ ló máa wá dà bíi pé ó ń pẹ́. Ẹ gbé sípíkà yàrá wá sí pálọ̀ fúngbà díẹ̀, ẹ fi fóònù sáàárín òun àti sípíkà rìsífà, kí méjèèjì jìnnà sí i bákan náà, kẹ́ ẹ wá gba ohùn sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí i nínú Audacity tàbí áàpù míì tó ń fi ìrísí ohùn han èèyàn, ẹ máa rí òkè méjì, àlàfo àárín wọn ni iye tẹ́ ẹ ń wá. Kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó kẹ́yìn, ẹ dín ohùn ọ̀kan kù, kí òkè tiẹ̀ kéré sí ti èkejì.

Ẹ má fi orin onílù ṣe é o. Orin tó ń lu 120 nínú ìṣẹ́jú kan, látorí ìlù kan sí èkejì jẹ́ 500 ms, tí ọ̀kan bá wá fi sẹ́kọ́ǹdì méjì gbáko pẹ́, ìlù ẹ̀ á ṣì bọ́ sórí ìlù, ẹ máa rò pé wọ́n ti bára mu, ó dìgbà tí olórin bá lanu kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ gba àtẹ́wọ́ kan sílẹ̀, kó dákẹ́ fún sẹ́kọ́ǹdì 10, kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn ti tó.

Àwọn kan á ní àwọn ò fẹ́ wàhálà wáyà rárá, wọ́n á ṣí orin kan náà sórí áàpù méjì, ọ̀kan fún rìsífà, ọ̀kan fún sípíkà, wọ́n á ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n á tẹ méjèèjì pa pọ̀. Ó lè bára mu fúngbà díẹ̀. Àmọ́ gbogbo ẹ̀rọ tó ń kọrin ló ní aago kékeré tiẹ̀ nínú, aago méjì kì í sì í sáré bákan náà, tí ìyàtọ̀ wọn bá jẹ́ 50 péré nínú mílíọ̀nù kan, ó ti di 3 ms láàárín ìṣẹ́jú kan, kí wákàtí kan tó pé ó ti di 180 ms. Àwọn sípíkà tó wá láti ẹbí kan náà, ìyẹn àwọn tó ń lo ètò kan ṣoṣo, Sonos sí Sonos, MusicCast sí MusicCast, HEOS sí HEOS, máa ń ṣe aago wọn pọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í já ara wọn sílẹ̀. Bluetooth tẹ́ ẹ fi ń ránṣẹ́ sí rìsífà ò sí nínú ẹbí yẹn, kò sí iye Audio Delay tẹ́ ẹ máa fi sí i tó máa dúró bẹ́ẹ̀.

Èyí tó máa ń da orí èèyàn rú jù rèé. Ẹnì kan fa wáyà láti pre-out pálọ̀ lẹ́yìn rìsífà, ìyẹn ihò tí ohùn pálọ̀ ti ń jáde lọ sí ẹ̀rọ míì, ó wá fi í sínú Line-In sípíkà aláìníwáyà. Ó wọn ọ́n, ó rí i pé ti sípíkà aláìníwáyà fi 75 ms pẹ́, ó wá fi Audio Delay rìsífà sí 75. Kò yí padà. Ó fi sí 150, kò yí padà síbẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé rìsífà ti bàjẹ́. Rìsífà ò bàjẹ́ jàre. Ibi tó ti fa wáyà wà lẹ́yìn ibi tí rìsífà ti ń dá ohùn dúró, torí náà bó ṣe ń dá sípíkà pálọ̀ dúró ló ń dá ohùn tó ń lọ sí sípíkà aláìníwáyà náà dúró, àwọn méjèèjì jọ ń sún sẹ́yìn ni, 75 àárín wọn ò sì kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ so ó, Zone 2, ìyẹn ojú tí rìsífà yà sọ́tọ̀ fún yàrá míì, ni kẹ́ ẹ ti fa wáyà, torí lórí ọ̀pọ̀ rìsífà, Audio Delay pálọ̀ kì í kan Zone 2, àtẹ́wọ́ yẹn náà lẹ máa fi mọ̀ bóyá tiyín rí bẹ́ẹ̀. Àwọn rìsífà kan wà tó jẹ́ pé ohùn analog nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó lọ sí Zone 2, tẹ́ ẹ bá fi HDMI, tó jẹ́ digital, wọlé tí Zone 2 sì dákẹ́ fọ́nfọ́n, ẹ má lọ máa pààrọ̀ wáyà kiri.

Tó bá jẹ́ orin lẹ fẹ́ràn jù, ẹ yí wáyà náà sódì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tó wá láti ẹbí àwọn sípíkà yín, bíi Sonos Port, máa gba orin látorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó sì máa fi í ránṣẹ́ sínú rìsífà. Gbogbo wọn á jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó máa ṣẹ́ kù ò ju àkókò tí rìsífà fi ń ṣe iṣẹ́ inú ẹ̀ lọ. Ibí yìí, rìsífà ló ń kẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá wá fi surround sílẹ̀ lórí ẹ̀, tẹ́ ẹ fi àtúnṣe ohùn yàrá sílẹ̀, tí Audio Delay tẹ́ ẹ lò fún TV ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín fà á. Ẹ fi input yẹn, ìyẹn ojú tí orin ń gbà wọ rìsífà, sí Direct tàbí Pure Direct tí kì í fi bẹ́ẹ̀ tún ohùn ṣe, kẹ́ ẹ dá delay ẹ̀ padà sí 0. Lórí ọ̀pọ̀ rìsífà, subwoofer, sípíkà tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, máa ń dákẹ́ nínú Pure Direct, ẹ má bẹ̀rù, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí rìsífà bá ṣì ń pẹ́ lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, Google ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Group delay correction nínú áàpù Google Home, Snapcast, ètò kan tó ń pín orin sí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, náà sì ń jẹ́ kéèyàn yan latency, ìyẹn ìpẹ́, ti ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé wọ́n mú ohùn yára o, gbogbo wọn ló ti ní orin nípamọ́, wọ́n kàn ní kí ẹ̀rọ tó so mọ́ rìsífà tètè tú tiẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú àwọn tó kù ni.

Ọ̀rọ̀ TV wá yàtọ̀, torí àwòrán ti wọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá dá pálọ̀ dúró kó lè bá yàrá mu, ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á ti pa dé kí ohùn ẹ̀ tó jáde. Nínú ìlànà ITU-R BT.1359 tí àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé ITU gbé jáde lọ́dún 1998, èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rí i tí ohùn bá fi nǹkan bí 45 ms ṣáájú àwòrán tàbí tó fi nǹkan bí 125 ms pẹ́ sí i, torí náà 75 ms ṣì lè bọ́ sí i, sẹ́kọ́ǹdì méjì ò lè bọ́ sí i láéláé. Àwọn kan gbọ́kàn lé lip sync aládàáṣe, ìyẹn kí ohùn máa bá ẹnu mu fúnra ẹ̀, tó wọnú HDMI látìgbà HDMI 1.3 lọ́dún 2006, ohun tí ìyẹn ń ṣe ò ju pé kí TV sọ iye tí àwòrán fi ń pẹ́ fún rìsífà lọ, kò mọ̀ pé sípíkà kan wà ní kíṣìnì. MusicCast ti Yamaha ṣe é dáadáa lójú tèmi, ó ní kéèyàn yan ọ̀kan: Audio Sync tó ń mú kí gbogbo yàrá bára mu, tàbí Lip Sync tó ń mú kí pálọ̀ bá àwòrán mu kí àwọn yàrá tó kù máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹ yan Lip Sync fún TV. Ẹni tó wà ní kíṣìnì ò kúkú rí ẹnu ẹnikẹ́ni.

Torí pé ẹ fẹ́ dá ohùn dúró, ẹ má purọ́ fún rìsífà níbi tó ti ń béèrè bí sípíkà ṣe jìnnà tó, kẹ́ ẹ máa kọ mítà 15 síbi tí ò ju mítà 3 lọ. Àárín àwọn sípíkà tirẹ̀ nìkan ló ń lò ó fún, tẹ́ ẹ bá fi iye kan náà kún ti gbogbo wọn, ohùn ò ní yí padà, tẹ́ ẹ bá fi kún ti díẹ̀ níbẹ̀, surround yín ti dàrú nìyẹn.

Ti Wi-Fi náà: àwọn èèyàn máa ń sá lọ yan buffer tó kéré jù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já, orin á wá máa gé. Sonos ń jẹ́ kéèyàn yan láti 75 lọ dé 2000 ms fún Line-In, MusicCast ní Speed Boost tó ń dín ìpẹ́ kù àti Stability Boost tí kì í jẹ́ kí orin já. Ẹ kọ́kọ́ tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe, ẹ fi wáyà Ethernet sí ẹ̀rọ tó ń pín orin tó bá ṣeé ṣe, kẹ́ ẹ tó wá dín in kù. Wáyà nìkan, tẹ́ ẹ ò bá fọwọ́ kan buffer, kò ní yí ìpẹ́ padà.

Kò sì yẹ kí sípíkà aláìníwáyà àti ti rìsífà jọ wà nínú yàrá kan ṣoṣo, bó ti wù kẹ́ ẹ wọ̀n wọ́n tó. Ìyàtọ̀ 5 ms péré ti tó láti jẹ́ kí ohùn méjèèjì máa pa ara wọn láwọn ibì kan, kí orin wá dún bíi pé inú páìpù ló ti ń jáde. Ẹ pa ọ̀kan. Àwọn iye tẹ́ ẹ bá sì ti wọ̀n, ẹ kọ ọ́ síbì kan ní input kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀pọ̀ rìsífà máa ń tọ́jú Audio Delay lọ́tọ̀ lọ́tọ̀ fún input kọ̀ọ̀kan, èyí tẹ́ ẹ ṣe fún TV ò ní sí níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá yí sí CD.