Bí A Ṣe Ń Wo Iṣẹ́ Rho, Rac àti Cdc42 Nígbà Tí Sẹ́ẹ̀lì Bá Ń Dí Ojú Ọgbẹ́

Ẹni tí àdá bá ṣá lẹ́sẹ̀ lóko iṣu ní Ìjùmú tàbí Yàgbà mọ̀ pé etí ọgbẹ́ máa ń sún mọ́ra díẹ̀díẹ̀ kí ó tó jinná. Sẹ́ẹ̀lì ló ń rìn, àwọn purotéènì ìdílé Rho, tí nǹkan bí 20 nínú wọn wà lára ènìyàn, tí Rac àti Cdc42 sì wà lára wọn, ló sì ń darí ìrìn náà: bí wọ́n bá di GTP, èròjà kékeré kan inú sẹ́ẹ̀lì, mú, wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ó bá jẹ́ GDP, ìbátan rẹ̀, ni wọ́n dì mú, wọ́n ti sinmi. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Kàbà tàbí Ìsánlú tó bá rí yàrá ìwádìí tó pé irinṣẹ́ lè fi ojú ara rẹ̀ wo iṣẹ́ wọn.

Kọ́kọ́ gbin sẹ́ẹ̀lì awọ ara sínú àwo pẹlẹbẹ mélòó kan, nínú íńkúbétọ̀ tó wà ní 37°C, títí wọn yóò fi bo ìsàlẹ̀ àwo láìku àlàfo. Níbi tí iná mànàmáná kì í ti í dúró, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láìní bátìrì tó lè gbé e di ọjọ́ kejì, nítorí òtútù yóò ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Lẹ́yìn náà, fi ẹnu pípẹ́ẹ̀tì 200 máíkírólítà ha ìlà tààrà kan sáàárín wọn, ṣan àwọn tó já kúrò, kí o sì da omi oúnjẹ tí kò ní síríọ̀mù (omi inú ẹ̀jẹ̀) sí i. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: síríọ̀mù ń mú kí sẹ́ẹ̀lì bí sí i, nítorí náà àlàfo lè dí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rìn, òun fúnra rẹ̀ sì tún máa ń jí Rho.

Fi Y-27632, oògùn tó ń dí ROCK, purotéènì tí Rho ń rán níṣẹ́, lọ́wọ́, sínú àwọn àwo kan, kí o fi ìyókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ya àwòrán gbogbo wọn lábẹ́ máíkírósíkóòpù ní wákàtí 0, 6, 12 àti 24.

Níkẹyìn, fi fọ́máléènì mú sẹ́ẹ̀lì dúró, kí o sì fi falọ́ídìnì tó ń tàn, èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ áktìnì, kun okùn áktìnì inú wọn, ìyẹn okùn purotéènì tó ń gbé sẹ́ẹ̀lì rìn. Ní 1992, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Anne Ridley àti Alan Hall fi hàn pé Rho ló ń ta okùn nínípọn tó ń fa sẹ́ẹ̀lì pọ̀, àti pé Rac ló ń na etí iwájú rẹ̀. Cdc42 ló ń yọ ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó ń tọ́nà. Nínú àwo tó gba oògùn, okùn nínípọn yóò ti dín kù gidigidi, ìrù àwọn sẹ́ẹ̀lì kan yóò sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì awọ ara lè yára dí àlàfo náà ju ti àwo kejì lọ, nítorí náà wíwọn fífẹ̀ àlàfo nìkan kò tó. Ìrísí etí rẹ̀ ni kí o wò pẹ̀lú.