Títo Ẹ̀yìn Mustang Fox-body fún Eré Drag, kí Táyà Lè Di Ilẹ̀ Mú

Mustang tí Ford ṣe láti 1979 sí 1993, tí wọ́n ń pè ní Fox-body, kò wọ́n rárá lórí pápá eré drag, ìyẹn eré ìje ọkọ̀ lójú ọ̀nà kúkúrú tó tọ́ tààrà, ní Amẹ́ríkà. Ó fúyẹ́, V8 5.0 rẹ̀ gba àfikún agbára, ẹ̀yà rẹ̀ sì kún ọjà. Ẹ̀yìn ni wàhálà rẹ̀ wà. Ẹ tẹ túrótù mọ́lẹ̀ lórí ìlà, áàsù á bẹ̀rẹ̀ sí í ta, táyà á máa yí lójú kan, àkókò ẹsẹ̀ bàtà 60 àkọ́kọ́ á sì bàjẹ́. Ohun tí ẹ bá pàdánù níbẹ̀ kì í padà mọ́ títí dé òpin ìlà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré ra ṣọ́kì olówó gọbọi. Ẹ kọ́kọ́ ká kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Torque box, ìyẹn àpótí irin tí àámù (irin gígùn tó di áàsù mú) so mọ́ lára ọkọ̀, jẹ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi iná lẹ̀ pọ̀ ní ojú kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀dà bá ti sán níbẹ̀, tàbí tí ojú iná ti ṣí, ó ti ń ya nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà jó páànù àfikún mọ́ ọn, lókè àti nísàlẹ̀. Kí ẹ tó pè é, ẹ tú bátìrì, ẹ yọ ìjókòó àti kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì gbé ohun ìpaná sí ìtòsí.

Àámù ìsàlẹ̀ tó bá ọkọ̀ dé láti ilé iṣẹ́ máa ń lọ́. Ẹ fi èyí tí wọ́n ṣe bí páìpù dípò rẹ̀. Ti òkè gba ìṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó dagun, torí òun ló ń dá áàsù dúró kó má yà sí ẹ̀gbẹ́, nítorí náà búṣì rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè yí. Bí ẹ bá fi búṣì polyurethane (ike líle) sí ìdí rẹ̀ méjèèjì, á há, ọkọ̀ á sì kàn gbé táyà kan sókè lójijì. Rọ́bà tuntun sàn, bíárìn-ìn roboto lápá áàsù sì dára jù. Bó bá jẹ́ búṣì rọ́bà, ẹ má fún bóòtì rẹ̀ pinpin títí ọkọ̀ á fi dúró lórí táyà rẹ̀. Bí ẹ bá fún un lórí jáàkì, rọ́bà á ti lọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an rèé. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹni tí yóò wà á jókòó sínú rẹ̀, kí epo sì dé ìdajì táǹkì. Ẹ wọn gíga bóòtì iwájú àámù ìsàlẹ̀ láti ilẹ̀, kí ẹ wọn ti ẹ̀yìn náà. Ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bá ti iwájú dọ́gba, tàbí kó rẹlẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá ti gé sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè wálẹ̀, ti ẹ̀yìn á ga ju ti iwájú lọ, àámù á wá máa ti ara ọkọ̀ sísàlẹ̀ dípò òkè. Ẹni tó bá ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń tẹ ilẹ̀ sí i. Bí àámù náà ṣe gbọ́dọ̀ máa ti ọkọ̀ sókè nìyẹn kí táyà lè tẹ ilẹ̀. Irin ìdè tí ń sọ ihò bóòtì ẹ̀yìn àámù kalẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀. Ihò kan ṣoṣo ni kí ẹ sún lẹ́ẹ̀kan, torí bó bá ti wálẹ̀ jù, táyà á gba ìkọlù ńlá, á sì jáwọ́. Orí àámù yìí ni sípíríǹgì jókòó lé, ọkọ̀ á tún wálẹ̀ díẹ̀, nítorí náà ẹ tún wọn gíga rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, pinion, ìyẹn gíà kékeré inú áàsù tí pùròpẹ́là ń yí. Bí ẹ bá lo búṣì rọ́bà tàbí polyurethane, ẹ jẹ́ kí imú rẹ̀ dojú kọlẹ̀ ní dígírì 2 sí 3 sí pùròpẹ́là, torí yóò gbérí bí agbára bá dé. Bó bá jẹ́ bíárìn-ìn, 1 sí 2 ti tó. Bí ẹ bá ń fi slick (táyà eré tí ojú rẹ̀ dán) sáré ìṣẹ́jú àáyá 13.99 tàbí tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, NHRA, àjọ tó ń darí eré drag ní Amẹ́ríkà, ní kí ẹ fi òrùka ààbò sí pùròpẹ́là.

Agbára ẹ́ńjìnnì máa ń gbé ìwúwo kúrò lórí táyà ẹ̀yìn ọ̀tún. Ẹ fi báàgì afẹ́fẹ́ sínú sípíríǹgì ọ̀tún, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti psi 10 (psi ni ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́). Bí ọkọ̀ bá ń yà sọ́tùn-ún bó ṣe gbéra, ẹ fi psi 2 kún un. Bó bá ń yà sósì, ẹ yọ díẹ̀.

Níwájú, ẹ yọ ọ̀pá stabilizer, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, fún pápá nìkan. Kò dára lójú títì. Ṣọ́kì 90/10 ni kí ẹ lò, èyí tó máa ń nà wéré tí kì í tètè kó jọ. Bí imú ọkọ̀ bá ń já bọ́ nígbà tí ẹ wọ gíà kejì, ṣọ́kì náà ti rọ̀ jù nígbà ìkójọ.

Psi 15 sí 18 ló bá drag radial (táyà radial tí wọ́n ṣe fún eré drag) mu, slick sì gba nǹkan bíi 10 sí 14. Kí ẹnì kan fi fóònù ya táyà ẹ̀yìn láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ẹ bá gbéra, kó dín eré fídíò náà kù. Bí ọkọ̀ bá rì, tí táyà yí láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ihò ẹ̀yìn kalẹ̀ sí i. Bí ara ọkọ̀ bá fò sókè, táyà rún, ó di ilẹ̀ mú díẹ̀, ó wá já, ìkọlù ti pọ̀ jù: ẹ yí bọ́tìnnì ṣọ́kì ẹ̀yìn ní kíláàkì 2 kí ìnà rẹ̀ lè le sí i. Radial kì í fẹ́ kí òun rún, slick lè gbà á. Àtúnṣe kan ṣoṣo, eré méjì, kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn, torí ilẹ̀ pápá fúnra rẹ̀ ń yí padà bí oòrùn bá ṣe ń mú.